Ṣé Àṣìṣe Ni Tàbí Ọnà? Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Ìṣọwọ́lò-Èdè Gẹ̀ẹ́sì Láti Ilẹ̀ Okun

Lára ògiri ilé ní Kabba, bí ó ti rí ní Ìbàdàn, Èkó àti gbogbo ibi tí gbájúẹ̀ ti ń ta ilé onílé, wọ́n máa ń fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà pé: “THIS HOUSE IS NOT FOR SALE. BEWARE OF 419.” Ẹni tó kọ ọ́ kò pe ara rẹ̀ ní òǹkọ̀wé, kò sì sí ẹni tó fi ẹ̀bùn dá a lọ́lá. Ní 1952 ẹ̀wẹ̀, ilé-iṣẹ́ Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé kan jáde tí ó ń jẹ́ The Palm-Wine Drinkard. Amos Tútùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, ló kọ ọ́. “Drunkard” ni àwọn olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ nílé-ìwé. Tútùọlá kọ “drinkard”. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti fi lẹ́tà náà jiyàn ju àádọ́rin ọdún lọ.

Ọ̀rọ̀ ògiri nìyẹn, ọ̀rọ̀ ìwé nìyí. Ẹ̀kọ́ ìṣọwọ́lò-èdè ní òun lè tú méjèèjì palẹ̀, kí òun sì fi ohun tó wà nínú èdè fúnra rẹ̀ ti àlàyé òun lẹ́yìn, kì í ṣe pé ó kàn dùn létí. Àmọ́ bí wọn yóò ṣe tú u ni àwọn onímọ̀ rẹ̀ kò fẹnu kò lé lórí.

Ilẹ̀ Okun jẹ́ ibi tí ó dára láti ti wo ìjà náà. Owé tó ni Kabba, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ̀rọ̀, Yorùbá ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n abẹ́ Àríwá ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó wọn sí, Ìpínlẹ̀ Kogí sì ni wọ́n wà láti 1991. Ọmọ tó ń sọ Owé nílé ń ka Bíbélì ní Yorùbá àjùmọ̀lò, ó ń gbọ́ Haúsá lọ́jà Lọ́kọ́ja, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń ṣèdánwò. Láti àárín irú èdè bẹ́ẹ̀ ni Ọlú Ọbáfẹ́mi, òǹkọ̀wé eré ọmọ Kabba/Bunu, ti jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni Pius Adésanmí, aláròkọ ọmọ Ìsánlú ní Yàgbà.

Ìṣọwọ́lò gẹ́gẹ́ bí ohùn ẹni

Èrò tó pẹ́ jù ni pé bí èèyàn bá ṣe rí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ń rí. Buffon sọ irú rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé ní 1753. Ní ọ̀rúndún ogún, Leo Spitzer sọ ọ́ di ọ̀nà ìwádìí: òǹkàwé á ká ohun kékeré kan mọ́ ọ̀rọ̀, á bi í léèrè irú ọkàn tó bí i, á wá padà sínú ìwé lọ wò ó bóyá ìdáhùn náà dúró.

Ẹni tó bá ti ka Adésanmí pẹ́ mọ̀ pé ọ̀nà yìí kì í ṣe àsọdùn. Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí àròkọ, ohùn rẹ̀ á ṣì fọhùn. Ibi tí ọ̀nà náà ti ń tiro ni pé ó máa ń yí po lójú kan: ìwé ni wọ́n fi mọ ọkàn, ọkàn náà ni wọ́n tún fi ń túmọ̀ ìwé. Ta ni kí Spitzer wá yẹ ọkàn rẹ̀ wò lára ògiri? Ṣé onílé ni tàbí akunlé? Charles Bally tó kọ ìwé ńlá lórí ìṣọwọ́lò èdè Faransé ní 1909 tilẹ̀ ti yà sí ọ̀nà míràn pátápátá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́ ló fẹ́ kọ́, ó sì ti ìwé lítíréṣọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìjà ta-ló-ni-ẹ̀kọ́-yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yà kúrò lójú ọ̀nà

Àwọn ará Rọ́ṣíà ló la ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù. Viktor Shklovsky sọ ní 1917 pé iṣẹ́ ọnà ni láti mú kí ohun tí ojú ti rí sú tún dà bí tuntun. Ní Prague ní 1932, Jan Mukařovský ṣàlàyé pé èdè ojoojúmọ́ a máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sẹ́ni tí ń kíyè sí i. Èdè ewì a máa fa ara rẹ̀ síwájú kí gbogbo ojú lè rí i. Geoffrey Leech wá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1969: yálà kí akéwì rú òfin èdè, tàbí kí ó tẹ̀lé e ju bó ṣe yẹ lọ nípa àwítúnwí àti gbólóhùn ìbejì.

Roman Jakobson kò jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn mọ sí ewì nìkan. Nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní ìpàdé kan ní Indiana ní 1958, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1960, ọ̀rọ̀ ìpolongo ìbò Eisenhower wà lára ohun tó tú palẹ̀. Lójú rẹ̀, ọnà wà nínú gbogbo ọ̀rọ̀. Nínú ewì nìkan ló ti jẹ́ olórí.

Àǹfààní ọ̀nà yìí pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìka tọ́ ohun tó ń sọ, olùkọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí “drinkard” bá wà níwájú rẹ̀, ó lè sọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe “drink” fara hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ tuntun yìí, bẹ́ẹ̀ “drunkard” ti fi í pamọ́. Onítòhún tó bá gbọ́ Yorùbá á tún fi kún un pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni “mu” ṣe hàn nínú “ọ̀mùtí”. Bóyá Tútùọlá mọ̀ọ́mọ̀ ni o, bóyá kò mọ̀ọ́mọ̀ ni o, ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ kedere.

Àléébù rẹ̀ kò sì ṣe é fi pamọ́: kí èèyàn tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ yà kúrò lọ́nà, ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà. Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, yin ìwé Tútùọlá gidigidi nínú ìwé ìròyìn The Observer ní 1952. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé Nàìjíríà bínú. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa pé irú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ ń dójú ti àwọn. Gẹ̀ẹ́sì kan náà tó dùn mọ́ ará Wales nínú ni ará ilé kà sí ìtìjú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló yàtọ̀, ìlànà tí oníkálukú fi ń wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀.

Iṣẹ́ tí a rán ọ̀rọ̀

M. A. K. Halliday ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ òfin àti rírú-òfin sílẹ̀ ná. Kí ni ọ̀rọ̀ ń ṣe? Ní 1971 ó tú ìwé The Inheritors ti William Golding palẹ̀, ó sì fi hàn pé nínú ìrònú àwọn èèyàn ayé àtijọ́ inú ìtàn náà, ẹ̀yà ara àti ohun aláìlẹ́mìí ló sábà máa ń jẹ́ olùwà, gbólóhùn tí ẹnì kan ti ṣe nǹkan sí nǹkan kò sì tó nǹkan. Gírámà wọn ló sọ ọ́ fún òǹkàwé pé ayé kò tíì yé wọn. David Crystal àti Derek Davy ní tiwọn, nínú ìwé kan tó jáde ní 1969, gbé ìjíròrò ẹnu, èdè ìsìn, ìròyìn àti ìwé òfin sórí tábìlì, wọ́n sì fún wọn ní àkíyèsí tí wọ́n sábà ń fún ewì tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà yìí bá ìwé ìkéde òkú mu bí ẹní sọ pé tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Bí àgbàlagbà bá lọ, “Call to Glory” tàbí “Celebration of Life” ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sí òkè àwòrán rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ bá lọ, “Painful Exit” tàbí “Gone Too Soon” ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe “die” kì í sí níbẹ̀. Orúkọ ló gbapò ìṣe, kò sẹ́ni tó kú, ìpè kan ló dé. Ẹ tún wò ó dáadáa: ọjọ́ orí òkú ló ń yan ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ ní London kò béèrè fún ìyẹn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ti ń béèrè rẹ̀ láti ayébáyé. Ọba wàjà, àgbà papò dà, ọmọdé kú. Lórí ìwé ìkéde náà, Gẹ̀ẹ́sì ló wọṣọ, Yorùbá ló ń rìn.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé àwọn onímọ̀ yìí fẹ́ràn kí oríṣi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró sínú yàrá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í sábà gbà. Ìwé ètò ìsìnkú kan ṣoṣo ní ìtàn ìgbésí-ayé nínú, ó ní orin ìjọ, oríkì, ọpẹ́ lọ́wọ́ olóṣèlú àti ìpolówó ilé-iṣẹ́ ìdílé.

Ta ló wà lẹ́yìn gbólóhùn?

Roger Fowler láti ìparí àwọn ọdún 1970, àti Norman Fairclough nínú ìwé tó kọ lórí èdè àti agbára ní 1989, tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀. Wọ́n ní gírámà kì í ṣe aláìṣẹ̀. Ẹni tí gbólóhùn fi pamọ́ àti ẹni tó fi ṣe olùwà, ọ̀rọ̀ agbára ni.

Ìtàn ilẹ̀ Okun kún fún ẹ̀rí. Ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, Royal Niger Company, tí ọmọ ogun rẹ̀ dé Kabba ní oṣù kìíní 1897 nígbà ogun pẹ̀lú Núpé, a máa gbé ìwé àdéhùn tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ láti ilé kiri etí odò Ọya, àyè òfìfo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún orúkọ ọba àti ìlú. Onímọ̀ ìṣọwọ́lò á rí i pé nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn ìjòyè gan-an ni olùwà gbólóhùn: àwọn ni wọ́n “fi ilẹ̀ sílẹ̀”. Ẹni tó kọ gbólóhùn kò sí nínú rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900 ni wọ́n sì ka ìkéde sétí ìgbọ́ ní Lọ́kọ́ja pé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba Àríwá Nàìjíríà. Ìkéde yẹn kò sọ fún ni, ṣe ló sọ nǹkan di bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kà á. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá gbọ́ ẹ̀dùn àwọn ẹ̀yà kéékèèké, dé ní 1957, àwọn kan ní Ìlọrin àti Kabba fẹ́ kí wọ́n dá àwọn padà sí Ìwọ̀-Oòrùn, àmọ́ ìwé tí Ìgbìmọ̀ náà gbé jáde ní 1958 kò yí ààlà padà. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ará ìlú àti ìwé àbọ̀ ìjọba, Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì, ipò tí wọ́n ti kọ wọ́n ló yàtọ̀.

Kò sí ọ̀nà tó wúlò tó èyí fún ìwé ìjọba. Síbẹ̀ Henry Widdowson àti àwọn mìíràn ti bá wọn wí pé ìdájọ́ ti wà lọ́kàn wọn kí wọ́n tó ṣí ìwé. Ẹni tó bá mọ̀ pé amúnisìn ló kọ ọ́ kò ní wá ìmúnisìn tì. Ẹ̀sùn náà mọ́gbọ́n dání, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ìwé àdéhùn náà di mímọ́.

Òǹkàwé ńkọ́?

Stanley Fish ló da omi tútù sí gbogbo wọn lára. Nínú àròkọ kan tó jáde ní 1973, Halliday pàápàá kò ríbi yẹ̀ sí: Fish ní wọ́n lè ka olùwà àti àbọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sí ohunkóhun nínú iye náà tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Láàárín kíkà àti ìtumọ̀, wọ́n fò ni. Lójú tirẹ̀, inú òǹkàwé àti àwùjọ tó kọ́ ọ ní kíkà ni ìtumọ̀ ń gbé.

Ògiri Kabba gbè é lẹ́yìn. Níbi tí kò ti sí jìbìtì ilé, ẹni tó bá kọ ọ́ sára ògiri pé ilé òun kì í ṣe títà á dà bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Àmọ́ bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ti òǹkàwé, kí ni olùkọ́ fẹ́ máàkì? Willie van Peer gbìyànjú àtidáhùn ní 1986. Ó fún àwọn òǹkàwé gidi ní ewì, ó sì rí i pé ìlà tí gírámà ti fà síwájú náà ni wọ́n sọ pé ó gba àwọn lọ́kàn jù. Ìyẹn dá díẹ̀ lára ẹ̀sùn Fish lóhùn, kò dá gbogbo rẹ̀.

Àwọn tó ń kà á ní ení èjì

Agbo kan wà tí kò bìkítà nípa ẹwà. Frederick Mosteller àti David Wallace fi ìṣirò yanjú àríyànjiyàn lórí méjìlá lára àwọn àròkọ olóṣèlú Amẹ́ríkà ti 1787 sí 1788 tí wọ́n ń pè ní Federalist. Ìwé wọn ti 1964 kò wo ọ̀rọ̀ ńlá. “Upon” àti irú rẹ̀ ni wọ́n kà. Nínú àwọn méjì tí wọ́n fura sí, Hamilton fẹ́ràn “upon”, Madison kì í sábà lò ó, Madison ni wọ́n sì da àwọn àròkọ náà lé lórí. Ní 2013, irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó tú J. K. Rowling fó pé òun ni “Robert Galbraith”.

Kò sí ẹni tó lè bá iye jà. Ṣùgbọ́n ìṣirò lè sọ ẹni tó kọ ìwé láìsọ ìdí tí ìwé fi dùn. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ tún díjú: ìwé ẹ̀bẹ̀ ìlú lè ti ọwọ́ akọ̀wé, agbẹjọ́rò àti Ọba kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ìjọba ní Lọ́kọ́ja. “Upon” ta ni ẹ̀rọ fẹ́ kà?

Ìlànà ta ni?

Àwọn onímọ̀ Áfíríkà kò lè fo ìbéèrè yìí bí àwọn ará Prague ṣe fò ó. Emmanuel Ngara láti Zimbabwe sọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1982 lórí ìwé ìtàn àròsọ Áfíríkà pé ìtúpalẹ̀ èdè àti ìtúpalẹ̀ àwùjọ gbọ́dọ̀ jọ máa rìn. Niyì Ọ̀ṣúndáre, akéwì ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tí ó tún jẹ́ onímọ̀ ìṣọwọ́lò, to gbogbo tíọ́rì wọ̀nyí sínú Cautious Paths Through the Bramble ní 2003. Orúkọ ìwé náà nìkan ti sọ pé ẹ̀gún wà lọ́nà. Ní Ìlọrin, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Okun ti lọ ka ìwé, Adébáyọ̀ Lawal kó àròkọ jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 1997.

Àríyànjiyàn tó gbóná jù kò ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wá. Chinweizu, Onwuchekwa Jemie àti Ihechukwu Madubuike fẹ̀sùn kan Wọlé Ṣóyínká àti àwọn akéwì ẹgbẹ́ rẹ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì wọn ta kókó bíi ti àwọn ará Yúróòpù, pé lítíréṣọ̀ alohùn Áfíríkà mọ́ gaara. Ìwé wọn jáde ní 1980. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú àròkọ, Ṣóyínká sì ti dá wọn lóhùn láti 1975. Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹsẹ Ifá rí mọ̀ pé “mọ́ gaara” yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè wọn nípa ta ni akéwì ń bá sọ̀rọ̀ kò tíì kú.

Ohun tí Ọbáfẹ́mi ṣe tún fi ọ̀nà míràn hàn. Eré rẹ̀ tó jáde ní 1993 ń jẹ́ Naira Has No Gender. Owó kò mọ akọ, kò mọ abo: ọ̀rọ̀ ọjà ni, ó wọ Gẹ̀ẹ́sì láìfọ́ gírámà kankan, síbẹ̀ ọmọ London kò ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2012 ó túmọ̀ Àdììtú Olódùmarè ti Fágúnwà, ó pè é ní The Mysteries of God. Ṣóyínká, tó túmọ̀ Igbó Olódùmarè ní 2010, fi Olódùmarè sílẹ̀ nínú orúkọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan ṣílẹ̀kùn fún àlejò, èkejì ní kí àlejò kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí onílé. Ìṣọwọ́lò ni méjèèjì. Onítíọ́rì ìyapa á rí ti Ṣóyínká, ó lè má rí ti Ọbáfẹ́mi rárá, torí kò sí ohun tó yọ síta níbẹ̀. Àìlera gidi nìyẹn jẹ́ fún tíọ́rì náà.

Lórí ọ̀rọ̀ àṣìṣe gan-an, Ayọ̀ Bámgbóṣé ló sọ èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Ní 1998 ó dábàá ohun márùn-ún tí wọ́n lè fi mọ ìgbà tí ìlò tuntun kì í ṣe àṣìṣe mọ́: iye àwọn tó ń lò ó, bó ṣe tàn ká tó, irú ẹni tó ń lò ó, bóyá ó ti wọ ìwé atúmọ̀-èdè tàbí ìwé gírámà, àti bóyá àwọn èèyàn gbà á. Ó ní méjì tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù. Ṣáájú rẹ̀, ní 1989, Efurosibina Adegbija ti Yunifásítì Ìlọrin, tó tún kọ̀wé lórí èdè Oko tí wọ́n ń sọ ní Ogori àti Magongo ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ti to àwọn ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń gba ìtumọ̀ tuntun ní Nàìjíríà. Ní oṣù kìíní 2020, ìwé atúmọ̀-èdè Oxford kéde ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29, “next tomorrow” wà lára wọn. Ọ̀tunla ti wọlé.

Ẹ fi ìdiwọ̀n Bámgbóṣé wo “419”. Abala òfin ìwà ọ̀daràn Gúúsù ni iye yẹn ti wá. Kabba ńkọ́? Penal Code ti Àríwá ni wọ́n ń lò níbẹ̀; 419 yẹn kì í ṣe òfin wọn. Síbẹ̀ ó wà lára ògiri, ó sì yé gbogbo èèyàn. Iye ti di ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti fò kọjá ààlà òfin tó bí i.

Ìkíni tí wọ́n fi sọ ilẹ̀ náà lórúkọ sì ń bẹ, “Okun”. Ọmọ Okun tó bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wá nǹkan fi rọ́pò rẹ̀, “well done” ló sì sábà máa ń bọ́ sí i lẹ́nu. Olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé nìkan á fa igi pupa sí i nídìí.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ààlà láàárín lítíréṣọ̀ àti èyí tí kì í ṣe lítíréṣọ̀ kò tíì dúró. Adésanmí gba ẹ̀bùn Penguin fún ìwé àròkọ ní 2010 pẹ̀lú You’re Not a Country, Africa; ó kó àwàdà olóṣèlú jọ ní 2015, ó sì fún un ní orúkọ Píjìnì, Naija No Dey Carry Last; ó ń kọ ọ̀rọ̀ sórí Facebook títí jàǹbá ọkọ̀ òfurufú Ethiopian Airlines fi gbé ẹ̀mí rẹ̀ lọ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2019. Kò sí tíọ́rì kankan níbí tó lè sọ ibi tí lítíréṣọ̀ ti parí nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Àlàfo tí Fish tọ́ka sí láàárín kíkà àti ìtumọ̀ ṣì là sílẹ̀. Bámgbóṣé dáhùn ìgbà tí ìlò tuntun ń di ìlànà, àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì sọ bí wọn yóò ṣe wọn òǹkọ̀wé kan ṣoṣo tó rú ìlànà tí òun nìkan mọ̀. Bákan náà, tíọ́rì tí wọ́n fi ewì Yúróòpù àti ìwé ìròyìn London kọ́ kò tíì fi ìwé ẹ̀bẹ̀ Kabba dán ara rẹ̀ wò tó.

Ohun tí wọn yóò fi dán an wò sì wà nílé. James Thomas, ọmọ ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n mú lẹ́rú tó sì gba Sierra Leone padà, kọ ìwé ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ fún ìjọ CMS ní ìlú Gbẹ̀bẹ̀ nítòsí Lọ́kọ́ja ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìwé náà wà lónìí nítorí pé ìjọ pa á mọ́, òpìtàn Fẹ́mi Kọ́lápọ̀ sì ṣe àtúntẹ̀ rẹ̀. Ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn baba ní 1957, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú àti ètò ìsìnkú tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kò ní irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní wọn nínú àpótí ní Kabba, Ìyàrá, Mọ́pà tàbí Ìsánlú, kó ya àwòrán wọn kí ikán tó jẹ wọ́n tán.